Wọ́n Ti Ń Jí: Àlàyé Lórí Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Padà Bọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ilẹ̀kùn tíátà ṣí, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà jáde. Màmá arúgbó kan ló wà lórí rẹ̀, ẹnu wọn là díẹ̀, ojú wọn ṣì dé. Bọ̀sẹ̀ ọmọ wọn fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti jí?" Nọ́ọ̀sì ò dúró. Bó ṣe ń lọ ló dáhùn: "Wọ́n ti ń jí, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn jọra létí, àmọ́ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tó ti parí ni Bọ̀sẹ̀ ń bèèrè. Ohun tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì ń sọ. "Ń" kékeré tó wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí àwọn olùwádìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò mọ ẹni rẹ̀ tọ́jú ní wákàtí tó lẹ́rù jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oorun. Oògùn akunilóorun là ń pè é, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi ṣe èèyàn kì í ṣe oorun. Ẹni tó sùn wọra, bí abẹ́rẹ́ bá gún un, yóò tají. Kò sí bí a ṣe lè la ikùn ẹni tó kàn sùn lásán kó má mọ̀. Lọ́dún 2010, Emery Brown, Ralph Lydic àti Nicholas Schiff kọ̀wé nípa èyí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ipò tí oògùn yìí ń gbé èèyàn sí sún mọ́ ti ẹni tó dákú ju ti ẹni tó sùn lọ: dídákú tí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ fà, tó jókòó tì, tó sì lè dá padà. Nítorí náà, ibi tí màmá ti ń bọ̀ jìn ju ibi tí oorun alẹ́ ń gbé wa lọ.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni William Morton fi oògùn ether kun ọ̀dọ́kùnrin kan lóorun níwájú àwọn dókítà nílé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, tí John Warren sì gé kókó kan lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí a ṣe ń mú aláìsàn lọ ni gbogbo ojú ń wò. Bó ṣe ń padà bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ wọ́n lójú. Wọ́n gbà pé bí ọtí ṣe ń dá lójú ẹni tó mu ún yó ni: oògùn á rọra kúrò lára, tó bá ti kúrò, oníyẹn á jí, ó parí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí aláìsàn gbà lọ náà ni yóò gbà bọ̀.

Àmọ́ ọ̀nà tó gbà lọ kọ́ ló ń gbà bọ̀. Max Kelz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania fi eku wádìí èyí. Nínú ọpọlọ eku àti tèèyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní orexin jáde. Òun ló ń bá wa lajú sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tí kò ní in tó, oorun lè gbé e lọ lójijì níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, àwọn eku tí kò ní sẹ́ẹ̀lì yìí mọ́ fa gáàsì akunilóorun símú, wọ́n sì lọ bí àwọn yòókù ṣe lọ, kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí ó di pé kí wọ́n padà ni wọ́n pẹ́. Orexin kò dá sí lílọ, bíbọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n fi hàn nínú eku àti eṣinṣin pé oògùn gbọ́dọ̀ dín kù lára gan-an, kó kéré sí ìwọ̀n tó gbé ẹranko náà lọ, kó tó lè padà jí. Kì í sì í ṣe pé oògùn náà lẹ̀ mọ́ inú ọpọlọ. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ra láti kúrò nípò tó bá wà, bí ẹni tó ti rì sínú àga ìrọ̀gbọ̀kú.

Jíjí, nígbà náà, iṣẹ́ ni. Ọpọlọ ló ń ṣe é, ó sì ní ètò tó ń tẹ̀ lé.

Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí ní Finland tẹ ìwádìí kan jáde tó wú mi lórí púpọ̀. Wọ́n fi oògùn kun àwọn ọ̀dọ́ kan tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn lóorun, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n wá jí díẹ̀ nínú wọn, oògùn náà ṣì ń wọ ara wọn ní ìwọ̀n kan náà. Kí ló kọ́kọ́ tají nínú ọpọlọ? Kì í ṣe apá òkè tá a fi ń ṣírò owó tá a sì fi ń ronú. Apá ìsàlẹ̀ ni, ìdí ọpọlọ níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àti àárín gbùngbùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ibi tí àwa àtàwọn ẹranko jọ ní.

Dókítà akunilóorun ń rí ètò yìí lójoojúmọ́ láìlo ẹ̀rọ kankan. Èémí ló ń kọ́kọ́ dé: aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀. Ó gbé itọ́ mì. Omi sun lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro, ó ń húkọ́ lórí rọ́bà tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìdí ọpọlọ ló ń darí gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yìn wọn ni yóò tó la ojú, tí yóò sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Torí náà, omijé tí ẹ bá rí lójú ìyá yín nígbà tí wọ́n ń gbé wọn jáde lè má jẹ́ ẹkún rárá.

Ilẹ̀ wa náà ní ìpín nínú ìtàn yìí, láti Kàlàbá. Ẹ̀wà kan wà níbẹ̀ tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n máa ń fún jẹ: bó bá bì í, ó mórí bọ́; bó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Nígbà tí ẹ̀wà náà dé Scotland, Robert Christison, tó jẹ́ onímọ̀ nípa májèlé, fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò lọ́dún 1855, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ ojúlówó èròjà inú rẹ̀ lọ́dún 1864, ìyẹn physostigmine. Jacob Pal ní Vienna ló wá rí i lọ́dún 1900 pé ẹranko tí májèlé curare ti rọ gbogbo iṣan rẹ̀ tún mí nígbà tí wọ́n fún un ní èròjà yìí. Àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe neostigmine, abẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà ṣì ń fún aláìsàn títí dòní níparí iṣẹ́ abẹ, kí iṣan tí wọ́n ti fi oògùn dẹ̀ lè padà le.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: neostigmine kì í wọ inú ọpọlọ, iṣan nìkan ló ń tú sílẹ̀. Ọpọlọ lè ti jí kí iṣan má tíì jí. Ẹni tó bá wà nípò yẹn ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì lè gbé ìka. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ pé, "Màmá, ẹ gbé orí yín sókè, ẹ má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló ń kà. Àmọ́ physostigmine, òun ń wọ ọpọlọ. Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fi propofol kun àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lóorun, wọn kò dín in kù, wọ́n sì gún wọn ní physostigmine. Púpọ̀ nínú wọn ni iyè wọn sọ. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń pààyàn ló fi hàn wá pé a lè pe ọpọlọ padà kí oògùn tó kúrò lára.

Kí ojú là, kí orí gbéra, ṣé ó ti tán nìyẹn? Lọ́dún 2021, George Mashour àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, St. Louis àti Philadelphia tẹ èsì ìwádìí tiwọn jáde. Ọgbọ̀n èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá ni wọ́n fi isoflurane kùn lóorun fún wákàtí mẹ́ta láìgé wọn lábẹ kankan, ọgbọ̀n mìíràn sì wà lójúfò kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ jí, wọ́n ń dán ọpọlọ wọn wò léraléra. Àwọn olùwádìí náà ti rò pé làákàyè tó ga jù, èyí tá a fi ń yanjú ìṣòro, ni yóò dé kẹ́yìn. Òun gan-an ló tètè dé. Ìyára àti àfiyèsí, kéèyàn kàn tẹ bọ́tìnì bí àmì bá ti yọ, ló pẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta fi pé, ọ̀pọ̀ jù lọ ti padà sípò.

Mo rọ̀ yín kí ẹ rò ó wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lè fèsì ọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n, kó rẹ́rìn-ín, kó bèèrè ẹni tó san owó, síbẹ̀ kí àfiyèsí rẹ̀ má tíì dé. Ara ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn má wakọ̀, kó má sì fọwọ́ síwèé kankan títí ọjọ́ kejì. Kì í ṣe àṣejù dókítà.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ọ̀nà ọ̀hún tẹ́jú fún. Ọmọdé tí wọ́n fi sevoflurane kùn lóorun lè jí tòun tigbe, kó máa jà, kó má dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń rọlẹ̀ láìpẹ́, ọkàn ìyá nìkan ni kì í tètè balẹ̀. Ketamine, tí wọ́n ń lò gan-an láwọn ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ ò pọ̀, máa ń mú káwọn kan jí sínú ìran: wọ́n á ní àwọn ń fò, tàbí kí wọ́n rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kí ẹnì kan máa bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti àgbàlagbà ló ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, iyè àgbàlagbà lè rá: á pe ọmọ ní orúkọ ẹni tó ti kú, á fẹ́ fa omi tí wọ́n so sí i lọ́wọ́ yọ. Nílé wa, ohun tá a kọ́kọ́ ń sọ ni pé ayé ti ṣe wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì. Àìsàn tó lórúkọ ni, ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn, ìrora tàbí òùngbẹ ló fà á. Ẹ wá awò ojú wọn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọlé lọ́sàn-án, kí wọ́n sì rí oorun sùn lóru. Kí ojú tí wọ́n mọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ń dènà rẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù, màmá la ojú. "Bọ̀sẹ̀, ọjọ́ wo la wà?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, Màámi. Wọ́n ti ṣe é tán. Ẹ kú ewu."

Màmá mirí, wọ́n dijú. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú tún là. "Bọ̀sẹ̀, ọjọ́ wo la wà?" Ó tún dá wọn lóhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Bọ̀sẹ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ rí: "Ọjọ́bọ̀ ni, Màámi."