Ojú Agbo Ni Ọ̀kẹ́sírà Ti Ń Dùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn ò fẹ́ràn orin ọ̀kẹ́sírà, inú fóònù tàbí rédíò ọkọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ tí èèyàn tó lé ní àádọ́ta pawọ́ pọ̀ ṣe, tí a wá rọ́ sínú gbohùngbohùn tí kò ju èékánná lọ, kí ló máa kù níbẹ̀ tó máa wu èèyàn? Gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ irú orin yìí fún, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ níbẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ tán.

Ẹ wo Symphonie fantastique tí Hector Berlioz, ará Faransé, kọ ní 1830. Ní ìpín kẹta, fèrè kan tí wọ́n ń pè ní cor anglais á ké lórí pèpéle, fèrè mìíràn tí wọ́n ń pè ní oboe á sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú òǹwòran kò dé. Darandaran méjì ló ń pe ara wọn ní pápá yẹn. Nígbà tí ìpín náà bá fẹ́ parí, cor anglais á tún pè, ẹnìkejì ò ní dáhùn mọ́. Àrá tó ń kù lókèèrè, tí onílù mẹ́rin ń rọra lù, nìkan ni yóò máa dá a lóhùn. Nínú íápíìsì, etí kan náà ni fèrè méjèèjì ń há sí. Nínú gbọ̀ngàn, etí ti mọ ibi tí ìdáhùn ń gbà wá, ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ fi ń wọni lára. Berlioz fi ọ̀nà jíjìn náà kọrin ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ohùn tó rẹlẹ̀. Dùùrù ńlá àti àwọn báàsì ló bẹ̀rẹ̀ Also sprach Zarathustra tí Richard Strauss kọ ní 1896. Ohùn náà lọ sílẹ̀ débi pé fóònù kò lè gbé e jáde rárá. Nínú gbọ̀ngàn, àyà àti àga tí èèyàn jókòó lé máa ń gbọ́ ọ kí fèrè tó dé.

Glenn Gould, atẹ-pianó ọmọ Kánádà, kò ní gbà fún mi. Ó fi orí pèpéle sílẹ̀ ní 1964, nítorí ó gbà pé sítúdíò ló dára jù fún orin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún pianó kan ṣoṣo tí makirofóònù lè sún mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́sírà nílò àyè láàárín ohùn kan sí èkejì, àyè yẹn ni àwo orin sì máa ń fún pa. Àwo wúlò láti fi kọ́ orin kí a tó lọ. Kò lè rọ́pò lílọ.

Àwọn mìíràn á ní orin òyìnbó ni. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá, kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn àti háápù ní 1944. Orí orin háíláìfù ni ìpín tó kẹ́yìn, Akinla, dúró lé. Tiwa ni. Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀nà jíjìn ló le jù láti dáhùn, nítorí òtítọ́ ni: kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní irú gbọ̀ngàn orin MUSON tó wà ní Oníkan, l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ìjọba wa kì í yé kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí wọ́n kọ́ èyí tí a ti lè ta fáyólíìnì láìsí makirofóònù, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á sì gbọ́ ọ.