Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Rán Bàálù, Ìbò Ńkọ́?

Lọ́jọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan jókòó sórí tẹlifíṣàn ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Lọ́jọ́ náà gan-an ni bàálù ogun Nàìjíríà gbéra lọ bá wọn, tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù. ECOWAS náà ní kí ọmọ ogun máa lọ. Nínú hostel wa, ṣe ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní a ti gba dẹmọ́kírésì là.

Èmi náà ò fẹ́ ìjọba ológun o. Ta ló gbọ́ ìtàn Abacha tó máa fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, dẹmọ́kírésì wo la gbà là?

Orílẹ̀-èdè Benin yìí kan náà ni Mathieu Kérékou, ológun paraku, ti fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1991, tó sì gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo láìjà. Gbogbo Áfíríkà ló ń kan sáárá sí wọn nígbà náà. Ẹ wá wo ọdún 2019. Ní oṣù Kejì, nígbà tí ìbò ilé aṣòfin ku bí oṣù mẹ́ta péré, ilé ẹjọ́ wọn ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tuntun kan kò lè du ipò. Ẹgbẹ́ méjì péré ló rí i gbà. Talon ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń tì lẹ́yìn! Lọ́jọ́ ìbò, 28 oṣù Kẹrin, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ẹni mẹ́rin tó lè dìbò, bí ẹnì kan ló jáde.

Ó di 2021, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù aṣòfin àti mẹ́yọ̀ mẹ́rìndínlógún. Àwọn wo ni aṣòfin? Àwọn tó wọlé ní 2019 náà ni. Ẹ ò rí i, kí ọlọ́jà lọ máa tọrọ àyè ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Wọ́n ti Reckya Madougou tó fẹ́ bá Talon du ipò mọ́lé, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ogún ọdún fún un. Ní Sábẹ̀ẹ́, ilé Yorùbá bíi tiwa, tí àwọn Faransé ń pè ní Savè, ìbọn ṣọ́jà pa èèyàn nígbà tí ìlú dí títì. Ní 2025, ìbuwọ́lù di méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ Les Démocrates ní aṣòfin méjìdínlọ́gbọ̀n géérégé. Ẹnì kan fa ọwọ́ tiẹ̀ sẹ́yìn, ó parí, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìbò ààrẹ 2026.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti du ipò ní union rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kò dọjọ́ ìbò kí wọ́n tó jí i. Níbi screening ni.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 2001 sọ ọ́ kedere pé a kì í yí òfin ìbò padà gidi láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ìbò, àfi bí ọ̀pọ̀ àwọn olóṣèlú bá fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kejì 2019, ta ló gbé àdéhùn yẹn síwájú Talon, kó ní "ọ̀gá, èyí ò dáa"? Ọ̀pọ̀ alámòójútó ìbò a máa dé nígbà tí ìbò bá ti sún mọ́lé. Wọ́n á ka àpótí, wọ́n á ní ìlú tòrò. Kí ló dé tí kò ní tòrò, nígbà tí ẹni tó yẹ kó du ipò ti wà lẹ́wọ̀n?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé bí ẹnì kan bá ní òun máa dáṣọ fún ọ, tọrùn ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Òótọ́ ni, tọrùn Nàìjíríà ò dáa. Ìbò wa ti 2007 burú débi pé Yar'Adua tó wọlé fúnra rẹ̀ gbà pé ó lábùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn alámòójútó láti Yúróòpù bú ìbò yẹn, ṣé a ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ara wọn? Inú wa dùn ni! Nígbà tí wọ́n sì fagi lé June 12 ní 1993, a bẹ gbogbo ayé pé kó gbà wá. Inú igbó ẹnubodè Benin yìí ni Wọlé Ṣóyínká gbà lórí ọ̀kadà nígbà tó ń sá fún Abacha ní 1994. Wọn ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé onílé ni.

Nítorí náà ohun tí mò ń bèèrè ò le. Kí Àbújá àti ECOWAS máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ alátakò, pẹ̀lú ariwo tí wọ́n fi rán bàálù. Kí alámòójútó dé nígbà tí wọ́n bá ń ṣòfin, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ka ìwé ìbò. Kí àwa náà tá a ń sọ pé ará kan náà ni wá pẹ̀lú àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ yéé dákẹ́ bí ẹni pé Sẹ̀mẹ̀ ni ayé parí sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó kọ tiẹ̀ wá fún ẹ̀dà tó ń bọ̀, mo ń retí rẹ̀.