BQ Ẹ̀yìnkùlé àti Ìbò Wa

Ẹ̀yin olùdìbò Gwarinpa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò kánsílọ̀: báwo ni ẹ ó ṣe ṣírò BQ ẹ̀yìnkùlé wa?

Owó méjì ló wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dà wọ́n pọ̀ fún yín. Ìwọ̀n ilẹ̀ àti ohun tí a ń lò ó fún ni a fi ń ṣírò ground rent. Bí BQ wà níbẹ̀, bí kò sí, iye kan náà ni. Ní ti tenement rate, iye tí ilé fúnra rẹ̀ tó ni a ń wò. Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, gbé iṣẹ́ yìí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. AMAC ni tiwa. Níbẹ̀ ni yàrá tí a kọ́ kún ilé ti lè di owó.

Ní Èkó, Land Use Charge ka gbogbo ìwọ̀n ilé tó wà lórí ilẹ̀. Nígbà tí òfin 2018 gbé owó náà ga, àwọn ará ìlú fárí gá. Ní 2020, ìjọba dín in kù.

Lóòótọ́, BQ tí ìwé pláànì rẹ̀ pé ń bù kún iye ilé. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá àgbà ń sùn sí kì í mú kọ́bọ̀ wọlé. Kò yẹ kí a ṣírò rẹ̀ bí èyí tí a fi háyà fún ayálégbé.

Olùdíje tí kò bá lè sọ òṣùwọ̀n tí yóò lò, àti ibi tí onílé yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, kò tíì yẹ fún ìbò wa. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.