Omi Ò Lọ́tàá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ̀ Lemọ́lemọ́

Àwọn àgbà wa ní omi ò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ omi di ọ̀tá. Ẹ wo àwọn ìyá wa lọ́jà: láti àárọ̀ títí wọn yóò fi palẹ̀ ọjà mọ́, wọn kì í fẹ́ fi omi kan ẹnu, kí wọ́n má baà máa wá ilé ìtọ̀ kiri. Ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò láti Kano lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á ti fi òùngbẹ sùn láti àná. Ìtìjú ló fà á.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà kò yọ sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde níbi ìpàdé tí èmi gan-an jẹ́ alága rẹ̀. Lóru, mo máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń lò lẹ́yìn ilé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, mo ṣubú. Mo bá dín omi kù. Kàkà kó sàn, ṣe ló ń le sí i.

Dókítà ló là mí lójú. Bí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á ki, á sì máa ta àpò ìtọ̀ bí ata ṣe ń ta ojú. Nínú ooru Kano, tó máa ń kọjá ogójì lórí ìwọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ń sá fún omi ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe òkúta inú kíndìnrín.

Ó wá bi mí pé kí ni mò ń mu. Tíì mai shayi, kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Obì gbànja lọ́sàn-án. Mínírà lálẹ́. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Káfíìnì inú tíì, kọfí, obì àti kóòkì máa ń mú ìtọ̀ pọ̀, ó sì ń ru àpò ìtọ̀ sókè. Ọtí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obì là ń fi gbàlejò, òwò rẹ̀ sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Kano. A ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù, ẹ dín jíjẹ rẹ̀ kù ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ohun tí ẹ mu àti ìgbà tí ẹ tọ̀ sílẹ̀. Ẹ dín tíì àti obì kù díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá já a lójijì, orí lè fọ́ yín. Ata, ọsàn àti òroǹbó ń da àwọn kan láàmú, wọn kì í da ẹlòmíràn láàmú. Ẹ yọ ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso, nítorí ìgbẹ́ tó há ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ máa mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní bí wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó sùn. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, ìwọ̀n tí dókítà bá fún un ni kó tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ará wa, oúnjẹ nìkan kò tó o. Ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò inú ìtọ̀ àti pírósítéètì tó wú lára àwa ọkùnrin lè farahàn báyìí. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tó bá ń dùn yín, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ fura sí, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi dókítà.

Ẹ̀yin onílé, ẹ fi iná sí ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ẹ̀yin alága ìpàdé, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn dìde láìsí ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ti sọ tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń jí lóru báyìí. Ọlọ́run yóò fún gbogbo wa ní àlàáfíà.