Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ọkọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Ìwé Adójútòfò



Nígbà tí a bá ń fa ọmọ lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, a máa ń wò ó bóyá aṣọ ọmọ mọ́, a sì máa ń wádìí bóyá awakọ̀ náà a máa mu ọtí. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bèèrè: Ǹjẹ́ ọkọ̀ náà ní ìwé adójútòfò, èyí tí a ń pè ní ìnṣọ́ránsì? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Kí ni ìwé náà wà fún? Bí ọkọ̀ bá kọlu ènìyàn, tàbí bí ó bá ba ohun-ìní ẹlòmíràn jẹ́, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá ní owó, kí ni ẹni tí ó fara pa yóò fi tọ́jú ara rẹ̀? Nítorí ìdí èyí ni a fi ṣe òfin pé kí olúkúlùkù oní-mọ́tò san owó díẹ̀ lọ́dọọdún fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí ilé-iṣẹ́ náà lè san gbèsè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ewu bá dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1930 ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1945 ni ó mú irú rẹ̀ wá.

Ìyà wo ni ó wà fún ẹni tí ó bá rú u? Òfin 1945 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí owó ìtanràn tí a wá kà sí ₦400 nígbẹ̀yìn, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin ọdún 2003 fi kún un pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò fún ohun-ìní ẹlòmíràn tí ó bá bàjẹ́. Ó sì gbé owó ìtanràn dé ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2025 a kó àwọn òfin àtijọ́ jọ sínú òfin titun kan tí ó rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n dandan náà kò yẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2025 ni àwọn ọlọ́pàá sì ti kéde pé àwọn yóò máa yẹ ìwé náà wò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni àwọn òfin wọ̀nyí mú. Ẹni tí ó bá gbà kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ tí kò ní ìwé jẹ̀bi bákan náà. Nítorí náà olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ kò lè sọ pé, “Awakọ̀ ni kí ẹ mú.” Lẹ́yìn ìtanràn pàápàá, gbèsè ẹni tí ó fara pa ṣì wà níbẹ̀ láti san. Owó ìtanràn, àpò ìjọba ni ó ń wọ̀. Kò wo ẹsẹ̀ ọmọ tí ó kán sàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ọ̀rọ̀ náà le. Ẹni tí a bá bá lórí ọkọ̀ láìní ìwé lè san £300, kí a sì kọ àmì 6 sórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé iwájú adájọ́, ìtanràn náà kò ní gbèdéke, a sì lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá lè gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì lè fọ́ ọ túútúú.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọkùnrin kan lè gba ìwé fún ọkọ̀ ara rẹ̀, pé òun àti ìdílé òun nìkan ni yóò máa lò ó. Lẹ́yìn náà kí ó máa fi kó ọmọ àwọn aládùúgbò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì máa gba owó oṣù. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin 1945 pàápàá ya ọkọ̀ tí ń gbowó kó èrò sọ́tọ̀, ó sì fẹ́ kí adójútòfò rẹ̀ dé orí àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ìwé tí kò bá iṣẹ́ mu dà bí agboorun tí ó ya: ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni a ó mọ̀.

Kí ni kí òbí ṣe? Èkínní, kí ó fi sùúrù bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó san owó ọkọ̀. Olóòótọ́ kì yóò bínú. Èkejì, kí ó wo ọjọ́ tí yóò parí, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé a máa kú nígbà ìsinmi, tí bọ́ọ̀sì yóò sì tún jáde ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó wo irú iṣẹ́ tí a kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ̀ pé ìwé ayédèrú wà. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkọsílẹ̀ kan tí a ń pè ní NIID, níbi tí a ti lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wádìí òtítọ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé owó kò sí. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni owó ọdún kan fún ọkọ̀ aládàáni. Ti ọkọ̀ tí ń kó èrò yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹ pín in sórí gbogbo ọmọ tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì kan, ẹ ó rí i pé iye tí yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan kò tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fi ọmọ wewu. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, kí bọ́ọ̀sì tó dé lọ́la, ẹ bèèrè ìwé náà.