Ara Dídán Kọ́ Ni Ìlera Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà, gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ ọ ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran: “Ẹran yìí kò lárùn, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán.” Àwa kò fara mọ́ ọn, nítorí ohun tójú àwọn ará Malta rí.

Erékùṣù kékeré ni Malta, abẹ́ Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà náà. Darandaran á da ewúrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, á fún wàrà lójú ẹ̀. Ta ni yóò bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ wí? Síbẹ̀, ibà ń dá àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì dùbúlẹ̀. Ní 1887, dókítà sójà kan, David Bruce, rí kòkòrò ibà náà lára òkú sójà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá kò yé wọn. Ó di 1905 kí Themistocles Zammit, dókítà ọmọ Malta, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò. Ewúrẹ́ tó ń jẹun dáadáa, tí kò ṣàìsàn rárá, òun ló gbé àrùn sínú! Ní 1906 wọ́n gba wàrà náà lẹ́nu àwọn sójà, ibà wọn sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn ará ìlú ńkọ́? Wọ́n ń mu tiwọn lọ.

Brucella lorúkọ kòkòrò náà. Ó wà ní Nàìjíríà níbí, lára màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ibà á máa lọ á máa bọ̀, òógùn lóru, oríkèé ríro. Àgbo ibà lẹni náà á sì máa mu lásán. Oníwàrà tó se wàrà rẹ̀ títí tó fi hó, a kò bá a wí. Wàrà tí iná kò kàn là ń sọ.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni ẹran tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ lálẹ́, tó sì ti dé ọjà láàárọ̀ kùtù, lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó rà á á mú un lọ sáàárín agbo rẹ̀, àrùn á tàn. (Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ̀, iye owó rẹ̀ ti sọ fún yín.) Kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ran má gbà á wọ ìsọ̀ mọ́, kí wọ́n ké sí dókítà ẹran. Kí ìjọba náà má kàn máa rán agbowó-orí sí wa ṣá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àgùntàn àti ewúrẹ́, kí wọ́n gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó má ta ẹran rẹ̀, kí ni yóò jẹ? Ká yọ owó díẹ̀ fún un nínú àpò ẹgbẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òru ni yóò máa tà á.