Ta ló kọ́kọ́ tọ́ ọtí náà wò?

Kò sí ẹni tó gba ọ̀nà Èkó lọ sí Bìní rí tí kò mọ Ore. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà ńlá náà, ibẹ̀ náà ni mọ́tò ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Láti ọdún 1967, nígbà tí àwọn ṣọ́jà Biafra dé ibẹ̀ tí ti ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn padà, làwọn èèyàn ti ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Ore!" Àmọ́ ìjà mìíràn wà lágbègbè yẹn tí kò ní ìbọn nínú. Inú ife ni wọ́n ti ń jà á.

Ẹ wo ìdíkọ̀ nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Fújì ń dún kíkankíkan látinú sípíkà. Ìyá kan to ìgò páragà sórí tábìlì, egbò àti èèpo igi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ògógóró. Dẹ́rẹ́bà kan yọjú.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi bu ife kan."

"Èwo lo fẹ́, ọkọ mi? Ti jẹ̀díjẹ̀dí ni àbí ti ẹ̀yìn ríro?"

"Ẹ po méjèèjì pọ̀, Ìyá. Ọ̀nà ṣì jìn."

Ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fajú ro, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó di ìdí stírìn. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni dá àpárá, kò tiẹ̀ gbọ́ orin tó ń dún létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èrò 14 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń mutí nílẹ̀ yìí nìyẹn? Rárá o. Nílẹ̀ Odigbó àti gbogbo ilẹ̀ igbó yẹn, ìjókòó ni ẹmu. Adẹ́mu á figbà gun ọ̀pẹ, á gbé e dé láàárọ̀ nígbà tó ṣì dùn bí oyin. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti mú. Àwọn àgbà á jókòó, ẹni tó kéré jù láàárín wọn ni yóò máa bù ú. Ẹni tó gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ bu tiẹ̀ mu lójú gbogbo wọn, kí ahá tó máa lọ káàkiri. Tí ẹnì kan bá wá ń sọ ìsọkúsọ, àgbà á ṣẹ́jú sí ẹni tó ń bù ú, ahá á sì fo onítọ̀hún kọjá.

Orin náà níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń lùlù, tó ń gberin, tó tún ń jó, ọwọ́ rẹ̀ ò lè máa wà nínú ahá ní gbogbo ìgbà. Àwọn Ìkálẹ̀ ní bírípo, wọ́n sì ní àṣíkò tí Comfort Ọmọge gbé dénú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. L'Ékòó, inú irú ìjókòó ẹlẹ́mu bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú ti yọrí ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè, nígbà ayé Tunde King.

Ẹ tún rántí ìwé tí Amos Tutuola gbé jáde lọ́dún 1952 lórí ọ̀mùtí kan, èyí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré orí ìtàgé, tó pè ní Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Adẹ́mu ọkùnrin náà já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, làwọn ọ̀rẹ́ bá pòórá. Kò wá ẹmu lọ sọ́jà. Adẹ́mu rẹ̀ gan-an ló wá lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó mọ ẹni tó ń fún òun lọ́tí.

Ògógóró ni nǹkan ti yí padà. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń sè nínú àgbá, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀ gba inú páìpù tó wà nínú omi tútù, tó fi di ọtí líle. Ìjọba òyìnbó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá ń lé àwọn tó ń sè é, wọ́n sì sá wọnú igbó. Ọtí tó jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń sè é, ta ni yóò mọ ohun tí wọ́n dà sí i?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Óde-Ìrèlè nìyẹn, tí kò jìnnà sí Ore, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Orí fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ṣú, wọn ò ríran mọ́, kó sì tó di ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ti kú. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú pé wọ́n ba ojúbọ òun jẹ́. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù Ebola. Wọ́n tún fura sí oògùn apakoríko. Ìgbà tí àyẹ̀wò jáde ni wọ́n rí i pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Àwọn tó kú tó 18. Kò pẹ́ sígbà náà ló tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, tí ìjọba fi kéde lóṣù kẹfà ọdún yẹn pé òun fòfin de ògógóró.

Methanol yìí, iléeṣẹ́ ló ń lò ó, bíi láti fi yọ ọ̀dà. Ó jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ nímú. Ìwọ̀n ṣíbí tíì méjì lè fọ́ èèyàn lójú. Ó wá lè tó wákàtí 12 sí 24 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mú un á ti sùn, á ti jí, á rò pé ọtí àná ló ṣì wà lójú òun. Tójú bá ti ń ṣú lẹ́yìn ọtí, kì í ṣe àgbo ló kàn, ọsibítù ni, kíákíá.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí tí olóko ọtí bá tọ́ ọ wò lójú wọn, kò ní ṣubú lójú ẹsẹ̀, kí ni títọ́ ọ wò fẹ́ ṣe? Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹnu àwọn àgbà ló ń ṣọ́ wọn. Ohun tó ń ṣọ́ wọn ni pé ẹni tó tọ́ ọ wò ń gbé láàárín wọn. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ igi tó dá a lórí, wọ́n á sì tún pàdé rẹ̀ lọ́la. Ta ló máa rí ẹni tó ròòkù nínú igbó, tó rọ ọtí sínú kẹ́ẹ̀gì, tó tà á fún alágbàtà, tí alágbàtà tún tà á fún ìyá onípáragà?

Àwọn àgbà ní ọ̀mùtí gbàgbé ìṣẹ́, alákọrí gbàgbé ọ̀la. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbádùn ara rẹ̀. Kí dẹ́rẹ́bà fi tiẹ̀ sílẹ̀ títí èrò yóò fi sọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ mu jókòó, kó wá ẹni tí yóò bá a mu, kó gbọ́ orin. Kó tó gbé ife sẹ́nu, kó bi ìyá léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ìyá, ta ló sè é?" Tí ìyá ò bá mọ̀ ọ́n, kó gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.